Bí a ṣe ń kọ́ ibùgbé tó gbòòrò fún ẹranko afàyàfà nínú ọgbà ẹranko ní Èkìtì

Ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ń kọ́ fún ọ̀nì, ere àti awọ́nrínwọ́n kò ju kòtò kọnkéré tí wọ́n fi irin yí ká lọ. Ẹranko á sùn sójú kan láti àárọ̀ dé alẹ́, àwọn ọmọ iléèwé á sọ̀kò sí i kó lè mira, wọ́n á wá ní ọ̀lẹ ni. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Kò síbi tó fẹ́ lọ tó yàtọ̀ sí ibi tó wà ni. Bí ẹ bá sọ kòtò yẹn di ìlọ́po mẹ́ta, tí gbogbo rẹ̀ ṣì jẹ́ kọnkéré kan náà lábẹ́ oòrùn kan náà, owó lẹ kàn ná. Ara ẹranko afàyàfà kì í dá ooru ṣe fúnra rẹ̀. Ibi tó bá fara lé ló ti ń gbà á, ibi tó bá sá sí ló ti ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àyè láti yàn ló ń wá: gbígbóná àti tútù, gbígbẹ àti ọ̀rinrin, gbangba àti kọ̀rọ̀. Nítorí náà, a ó ya àwòrán ooru àti ibòòji ká tó ya ti ògiri.

Mẹ́ta nínú ẹranko ilẹ̀ wa la ó fi ṣe àpẹẹrẹ: ọ̀nì kúkúrú inú igbó tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Osteolaemus tetraspis, tí kì í sábà gùn tó mítà 2; ere; àti awọ́nrínwọ́n etí odò. Ẹ má ra èyíkéyìí lọ́wọ́ ọdẹ lẹ́bàá títì. Òfin tó dáàbò bo ẹranko tó fẹ́ parẹ́ ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 1985, ọ̀nì yìí sì wà lára àwọn tí CITES, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò ẹranko àti ewéko tó fẹ́ parẹ́, dáàbò bò jù lọ. Ẹ gba ìwé àṣẹ kí bíríkìlà tó gbé ṣọ́bìrì.

Ilẹ̀ àti oòrùn

Ẹ wá ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ̀ díẹ̀, tó fi mítà kan lọ sílẹ̀ láàárín mítà 30. Èyí kò ṣòro rí ní Èkìtì. Adágún á wà lókè, páìpù tó ń da omi rẹ̀ nù á wà nísàlẹ̀, ẹ kò sì ní nílò ẹ̀rọ tó ń fa omi jáde. Bí àpáta bá yọrí nílẹ̀ náà, bí wọ́n ṣe ń yọ ní Ìkẹ́rẹ́ àti Adó, ẹ má fọ́ ọ. Ẹ kọ́ ilé yí i ká. Àpáta tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ dára ju èyí tí ẹ máa fi sìmẹ́ǹtì mọ lọ, kì í sì í sán. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ ṣọ́: kí ògiri jìnnà sí i tó mítà 2, kó má baà di àkàbà.

Ọ̀nà tí oòrùn ń gbà kọjá lórí wa yàtọ̀ sí ti ibi tí wọ́n ti kọ ọ̀pọ̀ ìwé nípa iṣẹ́ yìí. Adó-Èkìtì wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 7.6 sí àríwá agbedeméjì ayé. Oòrùn ọ̀sán máa ń wà ní àtàrí gan-an lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní nǹkan bí ọjọ́ 9 oṣù kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Láàárín àkókò méjèèjì yìí, ìhà àríwá ló ń gbà kọjá lọ́sàn-án. Ìyókù ọdún, ìhà gúúsù ni. Ní oṣù kejìlá, ògiri tó ga ní mítà 2 máa ń ju òjìji tó fẹ̀ tó mítà 1.2 sí àríwá lọ́sàn-án gangan. Ní oṣù kẹfà, òjìji ọ̀sán ògiri yẹn kan náà á bọ́ sí gúúsù, kò sì ní tó 60 sẹ̀ǹtímítà. Ìyẹn ni pé ògiri kò ṣeé gbọ́kàn lé fún ibòòji ọ̀sán. Igi, tàbí òrùlé, ló lè ṣe é.

Àtètèyọ oòrùn ni ẹranko afàyàfà ń wá, láti aago 7 sí 10. Oòrùn aago 1 sí 4 ló ń pa á. Torí náà, ẹ jẹ́ kí ìhà ìlà-oòrùn ṣí sílẹ̀ gbalaja, kí ẹ sì gbin igi sí ìwọ̀-oòrùn. Ọdán ń tètè dàgbà, ó sì ń ṣíji dáadáa, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ ń ya ògiri: ẹ gbìn ín síta ní mítà 6 sí ìpìlẹ̀. Bí ẹ bá ti ń dúró kí ó dàgbà, ẹ fi ewé ọ̀pẹ tàbí nẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé tí àwọn olóko tòmátì ń lò bo ibẹ̀. Páànù tí kò ní sílìn lábẹ́ kì í ṣe ibòòji o. Ilé ìyangbẹ ni.

Fún ọ̀nì inú igbó, ẹ jẹ́ kí ìdá méjì nínú mẹ́ta ọgbà náà wà ní ibòòji. Fún awọ́nrínwọ́n, ìdajì tó. Omi ọ̀nì kò gbọdọ̀ kọjá 30°C lọ́sàn-án, 26 sí 28 ló tọ́. Ibi tó ti ń yá oòrùn lè tó 32 tàbí 33. Ere fẹ́ ibi kan tó tó 32 sí 35 àti òmíràn tó wà ní 25 sí 27. Awọ́nrínwọ́n ló le jù nínú wọn: ojú òkúta tó ń sùn lé máa tó 45 sí 55, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní ihò tí kò kọjá 28 níbi tí kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí ibẹ̀.

Ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀. Ẹ ra ẹ̀rọ ìwọn-ooru tó rí bí ìbọn, kì í sì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń nà síni níwájú orí nígbà Kòrónà. Ìyẹn kì í wọn kọjá nǹkan bí 43°C. Èyí tí àwọn réwáyà àti mẹkáníìkì ń lò lẹ fẹ́. Ẹ kó òkúta gíráníìtì wá sórí ilẹ̀ náà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì wọn ojú wọn ní aago 8, 12, 3 àti 6. Òkúta tó nípọn tó 30 sẹ̀ǹtímítà máa ń mú ooru dúró títí ilẹ̀ á fi ṣú. Pẹlẹbẹ tí kò ju 5 lọ á ti tutù kí àlejò tó kúrò.

Ìtànṣán UVB, èyí tó wà nínú oòrùn tó ń jẹ́ kí egungun ẹranko le, tí wọ́n ń fi gílóòbù olówó ńlá wá ní Yúróòpù, ọ̀fẹ́ ni lójú sánmà wa. Gíláàsì ń dí i, àwọn ike òrùlé tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá náà sì ń dí i. Ẹni tó bá fi ike bo gbogbo orí ilé awọ́nrínwọ́n tán, ìmọ́lẹ̀ ló ṣẹ́ kù fún un. Egungun ẹranko á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ láàárín oṣù díẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ á wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Wáyà nẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ fi bo apá tí oòrùn ti ń wọlé.

Adágún ọ̀nì

Fún akọ kan àti abo kan, adágún mítà 6 sí 4, tí ibi tó jìn jù jẹ́ mítà 1, ló kéré jù tí a lè gbà yín níyànjú, pẹ̀lú ilẹ̀ gbígbẹ tí kò kéré sí ìlọ́po méjì rẹ̀. Bí ìsàlẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ̀, omi inú rẹ̀ á tó nǹkan bí 14,400 lítà. Ìyẹn táńkà 10,000 lítà kan àti ààbọ̀ ni gbogbo ìgbà tí ẹ bá pààrọ̀ omi. Ẹ ronú ibi tí omi á ti wá kí ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀. Kànga dẹ̀rọ̀ tó ń gbẹ ní oṣù kejì kò ní gbé e.

Ìsàlẹ̀ adágún máa nípọn ní 15 sẹ̀ǹtímítà. Rọ́ọ̀dù 12 mìlímítà ni kí ẹ tò níbùú àti lóròó, 20 sẹ̀ǹtímítà síra wọn, kí ẹ sì fi òkúta kéékèèké gbé wọn kúrò nílẹ̀ kí kọnkéré lè wọ abẹ́ wọn. Sìmẹ́ǹtì kan, yanrìn méjì, gíráníìtì mẹ́ta ni pípò rẹ̀. Fún ìsàlẹ̀ nìkan, ẹ ka àpò sìmẹ́ǹtì 27 sí 30. Ìdagẹ̀rẹ̀ etí adágún kò gbọ̀dọ̀ le ju mítà 1 sísàlẹ̀ láàárín mítà 3 lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀nì á máa yọ̀ padà sínú omi. Ẹ ní kí bíríkìlà fi ọwọ́ irin dán ojú rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń fi ìgbálẹ̀ fà á kí ó lè ṣákaṣàka nítorí ẹsẹ̀ ènìyàn, àtẹ́lẹsẹ̀ àti ikùn ọ̀nì á ti bó láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kòkòrò àrùn á sì gba ibẹ̀ wọlé. Ọ̀nà olùtọ́jú nìkan ló yẹ kí ó ṣákaṣàka.

Páìpù ìdà-omi-nù: 6 ínǹṣì, ẹ má jẹ́ kí púlọ́ńbà fi 2 ínǹṣì tàn yín pé omi ni omi. Ewé, irun oúnjẹ àti ìgbẹ́ ọ̀nì á dí páìpù kékeré kí oṣù kan tó pé, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi kóròbà gbọ́n omi tí ọ̀nì wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé irin oníhò bo ẹnu páìpù, kí ihò rẹ̀ má gba ẹsẹ̀ ọmọ ọ̀nì. Fáàfù á wà lóde ògiri. Omi yẹn kò gbọdọ̀ ṣàn lọ sínú odò tí ará ìsàlẹ̀ ń pọn, torí kòkòrò Salmonella máa ń wà nínú ìgbẹ́ ẹranko afàyàfà tí ara rẹ̀ le koko pàápàá. Ẹ darí rẹ̀ sí sókàwéè, tàbí, èyí tó dára jù, sí kòtò kékeré mìíràn tó kún fún gíráníìtì wẹ́wẹ́ àti ojú oró. Ojú oró máa ń fa ohun tó sọ omi di aláwọ̀ ewé mọ́ra. Ẹ má gbìn ín sínú adágún ọ̀nì gan-an. Ọ̀nì fúnra rẹ̀ á fà á ya.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá parí, ẹ fi omi rin kọnkéré náà fún ọjọ́ 7. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kún un, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ dà á nù, lẹ́ẹ̀mẹta. Oró sìmẹ́ǹtì tuntun máa ń jáde sínú omi, á sì ta ojú àti awọ ẹranko. Ẹ fi bébà ìdánwò omi tí àwọn elétò adágún-ìwẹ̀ ń lò wò ó: bí pH, ìyẹn nọ́ńbà tí bébà náà fi hàn, bá ṣì ju 8.5 lọ, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọ̀nì kúkúrú yìí kì í gbẹ́ ihò yanrìn láti yé; ewé jíjẹrà ló ń kó jọ di òkìtì, tí yóò sì yé sínú rẹ̀. Torí náà, ẹ da ewé gbígbẹ kẹ̀kẹ́ ẹrù kan tàbí méjì sí igun tó ní ibòòji lọ́dọọdún kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ihò kan lábẹ́ bèbè, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní 40 sẹ̀ǹtímítà tó sì jìn tó mítà 1.5, ló máa ń sá sí lálẹ́ ọyẹ́, nígbà tí òtútù máa ń mú ju níbi gíga bí Ẹ̀fọ̀n-Alààyè.

Ògiri, àti ohun tó ń gun ògiri

Fún ọ̀nì yìí, ògiri bílọ́ọ̀kù tó ga ní mítà 1.2 tó, bí inú rẹ̀ bá dán, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀ tó 60 sẹ̀ǹtímítà, tí orí rẹ̀ sì yọ sínú ní 30 sẹ̀ǹtímítà. Igun ló ń jẹ́ kí ó sá lọ. Ọ̀nì lè fi ẹsẹ̀ ta ògiri méjì níbi tí wọ́n ti pàdé, kí ó sì gun un lọ sókè. Ẹ yí gbogbo igun inú po, kí ó má sí ìkankan tó jẹ́ ṣánṣán. Wáyà oníhò onígun mẹ́rin tí wọ́n ń fi ṣe ọgbà pápá bọ́ọ̀lù kò dára. Yóò gùn ún bí ẹni ń gun òkè.

Awọ́nrínwọ́n kò gbà fún ògiri kankan láìbo orí rẹ̀. Èékánná rẹ̀ máa ń rí ibi dì mú lára ògiri. Ìjì tó ń ṣáájú òjò oṣù kẹta á ju ẹ̀ka igi kan sórí ògiri lóru, nígbà tí ilẹ̀ á fi mọ́ ó ti wà nínú ìsọ̀ àwọn ọlọ́jà. Ẹ fi wáyà nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n jó pọ̀, oníhò 1 ínǹṣì, bo gbogbo orí rẹ̀, ní gíga mítà 2.5 ó kéré tán kí olùtọ́jú má baà máa tẹ̀. Páìpù onígun mẹ́rin 2 ínǹṣì ni kí wẹ́dà fi ṣe férémù. Kí wọ́n fọ ojú ìjó pẹ̀lú bọ́rọ́ọ̀ṣì irin, kí wọ́n kùn ún ní ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà, lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá fẹ́ igi, ẹ lo àyán tàbí apá. Ikán á jẹ ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù.

Ilẹ̀ rẹ̀ máa nílò ìjìn, torí gbígbẹ́ ilẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ fi gíráníìtì wẹ́wẹ́ 15 sẹ̀ǹtímítà sísàlẹ̀, ẹ tẹ́ nẹ́ẹ̀tì lé e, kí ẹ wá da ilẹ̀ pupa tí ẹ pò mọ́ yanrìn sí i, 60 sẹ̀ǹtímítà. Láìsí gíráníìtì yẹn, òjò oṣù kẹfà á sọ gbogbo rẹ̀ di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, èékánná ẹranko á sì máa jẹrà.

Ere

Ilé ere kò gbọdọ̀ kúrú ju ere fúnra rẹ̀ lọ. Fún ere mítà 4, a máa ń kọ́ ilé mítà 6 sí 4, gíga 2.5, pẹ̀lú adágún kékeré tó jìn tó 50 sẹ̀ǹtímítà tí gbogbo ara rẹ̀ lè rì sí. Ẹ̀ka igi tó nípọn tó 10 sí 15 sẹ̀ǹtímítà ni kí ẹ fi bóòtù dè mọ́ ògiri, kì í ṣe okùn. Ibi ìfarapamọ́ méjì ó kéré tán: ọ̀kan ní apá tó gbóná, ọ̀kan ní apá tó tutù. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo lẹ ṣe, ere á yàn láàárín ooru àti ààbò, ààbò ló sì máa ń yàn. Oúnjẹ inú rẹ̀ kò ní dà, á pọ̀ ọ́ padà, ẹ ó sì ní ó ń ṣàìsàn.

Gíláàsì tí àlejò ń gbà wo ere, kí ó jẹ́ oríṣi tí wọ́n lẹ̀ méjì pọ̀, 6 mìlímítà lórí 6. Ẹ jẹ́ kí ibi tí àlejò dúró ṣókùnkùn ju inú ilé ere lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ojú ara wọn ni wọ́n máa rí. Ẹ wá gbé òkúta gbígbóná náà sí 50 sẹ̀ǹtímítà sí gíláàsì. Ere á wá sùn síwájú àlejò fúnra rẹ̀, láìsí ẹni tó ń kan gíláàsì. Wáyà nẹ́ẹ̀tì kò gbọdọ̀ wà ní 60 sẹ̀ǹtímítà àkọ́kọ́ láti ilẹ̀. Ere á máa fi imú nù ún títí yóò fi di egbò.

Gílóòbù ooru fún òru ọyẹ́ gbọ́dọ̀ wà nínú àgò irin tó jìnnà sí i ní 15 sẹ̀ǹtímítà yípo. Ere kì í tètè mọ̀ pé ara òun ń jó. Sólà kékeré pẹ̀lú bátìrì tó lè gbé 100 wáàtì títí ilẹ̀ á fi mọ́ sàn ju jẹnẹrétọ̀ tí ẹnì kan máa gbàgbé láti bu epo sí.

Ní ti ejò olóró, a kò ní kọ́ yín níbí. Ọgbà tí kò ní oògùn ejò nínú fíríìjì kò gbọdọ̀ ní wọn. EchiTAb-Plus tí wọ́n ń lò ní Nàìjíríà, oró ejò mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é, sèbé tó ń tutọ́ wà lára wọn. Fún ejò tí kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ má gbọ́kàn lé oògùn yìí.

Yàrá ẹ̀yìn

Àpò tí owó máa ń tán sí ni iwájú, níbi tí àlejò ń wò, yàrá ẹ̀yìn á wá di àfipamọ́ ìgbálẹ̀. Ẹ kọ́ ọ ṣáájú. Mítà 2 sí 1.5 fún ẹranko kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ilẹ̀kùn irin tí a ń fi wáyà fà sókè láti òde. Ẹ so ìwúwo mọ́ apá kejì wáyà náà kí ilẹ̀kùn má baà já lulẹ̀ sórí ìrù. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti máa fún wọn lóúnjẹ ní gbogbo ìgbà. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọn á máa wọlé fúnra wọn bí wọ́n bá ti gbọ́ ìró ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn olùtọ́jú á jẹ́ méjì, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, pẹ̀lú àgádágodo méjì àti ihò gíláàsì láti yọjú. Kí ó ka ẹranko kí ó tó ṣí èkejì. Ibi ìfọwọ́ àti ọṣẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kì í ṣe lẹ́yìn ọ́fíìsì.

Ìjàlọ ni ọ̀tá tí àwọn ìwé òkèèrè kì í dárúkọ. Wọ́n á wọlé lóru lẹ́yìn òjò, ẹranko tí a tì mọ́ yàrá kò ní ibi sá sí, ẹyin kò sì ní ṣẹ́ kù. Ẹ gbẹ́ gọ́tà tó fẹ̀ ní 15 sẹ̀ǹtímítà, tó jìn ní 10, yí gbogbo yàrá ẹ̀yìn ká, kí omi máa wà nínú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ewé kan ṣoṣo tó bá já sórí rẹ̀ ti di afárá, torí náà gbígbá rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́. Ẹ máa yí omi náà padà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ nítorí ẹ̀fọn. A kì í fín oògùn kòkòrò níbẹ̀.

Àlejò, àti ọjọ́ ìkẹyìn kí a tó ṣílẹ̀kùn

Ẹ fi irin dí àlejò sẹ́yìn ní mítà 1.5 sí etí ògiri, kí ẹ gbin pèrègún sáàárín. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti ìdérí ìgò ni ọ̀nì máa ń gbé mì jù, nǹkan méjèèjì kì í sì í dà nínú. Àyè mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ènìyàn lè gbà yọjú láti igun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dára ju gbọ̀ngàn kan ṣoṣo tí gbogbo kíláàsì á ti máa pariwo lọ.

Bí ẹ bá so kòtò méjì pọ̀ di ọ̀kan, ẹ má wó ògiri àárín kí ẹ sì tú ẹranko ìhà méjèèjì sí ara wọn lọ́jọ́ kan náà. Ẹ fi wáyà nẹ́ẹ̀tì rọ́pò ògiri náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n máa gbóòórùn ara wọn. Akọ ọ̀nì méjì, ẹ má tún gbìyànjú rẹ̀. Kódà nínú ọgbà tó tóbi, ẹ to igi tó ti wó àti òkúta sáàárín kí ẹnì kan má lè máa rí èkejì láti etí kan dé ìkejì. Ẹranko tuntun á kọ́kọ́ wà ní àyè ọ̀tọ̀ fún ọjọ́ 90, pẹ̀lú bọ́ọ̀tù àti kóròbà tirẹ̀.

Ẹ kó wọn wọlé ní oṣù kan kí àlejò tó dé. Ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ ya àwòrán ọgbà náà sórí bébà, kí olùtọ́jú máa fi bírò sàmì sí ibi tí ẹranko kọ̀ọ̀kan wà ní aago 7, 10, 1 àti 4. Ibi tí kò sí àmì kankan lẹ́yìn oṣù kan, ẹ lọ wọn ooru rẹ̀, kí ẹ ṣí ẹ̀ka kan tàbí kí ẹ fi kún ibòòji, kí ẹ sì sàmì fún oṣù kan sí i.